Ẹ̀ẹ̀mẹta La Sanwó Ògiri Kan Ṣoṣo

Owó tí a fi rẹ́ ògiri yàrá wa, a san án. Owó tí a fi ní kí wọ́n bá wa ha á kúrò, a san án. Nígbà tó yá tí a tún un rẹ́, a san ìyẹn náà. Ògiri kan náà o! Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ilé àtijọ́ ní abúlé kì í gbówó lọ́wọ́ èèyàn torí pé ó ti wà ní ìdúró, kí ẹ bi í bóyá ó ti sùn nínú ọ̀kan rí nígbà tí wọ́n ń tún un ṣe lọ́wọ́.

Èmi àti ọkọ mi la jọ ra ilé náà. Ilé alámọ̀ ni, ògiri rẹ̀ nípọn tó ìnṣì 18, fèrèsé rẹ̀ ò tóbi, àwọn tó kọ́ ọ ò sí láyé mọ́. A ò lè máa san owó ilé níbòmíràn ká tún máa sanwó iṣẹ́, la bá kó ẹrù wa wọ ibẹ̀ bó ṣe wà. Yàrá kan là ń gbé, a ń tún èyí tó kù ṣe. Inú yàrá kan yẹn la ti ń sùn, ibẹ̀ la ti ń dáná, ibẹ̀ náà la ti ń sá aṣọ nígbà tí òjò bá ń rọ̀. Ẹ fi ọ̀rọ̀ aṣọ yẹn sọ́kàn, mo ń bọ̀ lórí ẹ̀.

Ti òrùlé, ti wáyà iná, ti páìpù omi, n ò ní fi ìyẹn dá yín dúró. Àwọn tó mọṣẹ́ ló ṣe é, wọ́n ṣe é, wọ́n lọ. Àwọn fèrèsé la fúnra wa ṣe, a sì rọra ṣe é ni, torí ọ̀dà àtijọ́ lè ní òjé nínú, májèlé sì ni. A kọ́kọ́ fi omi rin ín ká tó ha á, a ò jẹ́ kí eruku rẹ̀ gbéra rárá. Ilẹ̀ yàrá ẹ̀yìn, èmi ni mo tẹ́ táìlì rẹ̀. Orí orúnkún ni mo wà láti ògiri dé ògiri. Kò sí èyí tó ta èkejì yọ níbẹ̀, mo sì fẹ́ kí gbogbo ayé gbọ́.

Àfi ògiri. Ìsàlẹ̀ ògiri yàrá tí a ń sùn ní àbàwọ́n kan tó ga tó orúnkún, amọ̀ ibẹ̀ sì máa ń rún sílẹ̀ bí a bá fara kàn án. Bíríkìlà tí a pè fi ọwọ́ gbá a lẹ́ẹ̀kan péré. "Ẹ fọkàn balẹ̀, mọ́mì. Símẹ́ńtì máa pa á lẹ́nu mọ́."

Ó pa á lẹ́nu mọ́ lóòótọ́, fún nǹkan bí oṣù mẹ́ta. Ògiri dán, ó tẹ́jú, mo kun ọ̀dà funfun sí i, ọkọ mi ya fọ́tò rẹ̀ fi ránṣẹ́ sí ẹbí lọ́tùn-ún lósì. Òjò wá dé. Ọ̀dà ló kọ́kọ́ wú léròrò bí awọ ara tí omi gbígbóná dà sí. Lẹ́yìn náà ni nǹkan funfun kan bí iyọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í hù lójú ògiri. Àbàwọ́n tó wà ní orúnkún tẹ́lẹ̀ sì ti gun dé ìbàdí mi. Lóru ọjọ́ kan, nǹkan já gbì lẹ́bàá ibùsùn wa. A tan iná: odidi awẹ́ símẹ́ńtì kan tó fẹ̀ tó ọpọ́n ìfọṣọ ló ti já, ó sì ya lára ògiri dání bó ṣe ń bọ̀. Mo ki ìka bọ ibi tó ti já. Ìka mi wọlé.

Bàbá àgbàlagbà kan tó ń gbé nítòsí ló wá wò ó fún wa. Kò tilẹ̀ kọ́kọ́ wọlé. Ó yí ilé po lẹ́ẹ̀kan, ó dúró, ó ní, "Ìyàwó, ilẹ̀ ìta yín ga ju ilẹ̀ inú ilé lọ. Ibo lẹ fẹ́ kí omi gbà?"

Òótọ́ ni. Láti ọdún gbọ́nhan ni ewé ti ń rà síbẹ̀, tí àgbàrá ń kó yanrìn wá, títí ilẹ̀ ìta fi fi nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà kan ga ju tinú ilé lọ. Ọ̀sọ̀rọ̀ òrùlé sì ń já sí ìdí ògiri gan-an. Ògiri amọ̀ máa ń fa omi ilẹ̀ sókè bí òwú fìtílà ṣe ń fa epo. Nígbà tí ojú rẹ̀ bá ṣí, omi náà á gba ibẹ̀ jáde sínú afẹ́fẹ́, kò ní lè ga jù. A wá fi símẹ́ńtì dí ojú yẹn. Omi ò padà sílẹ̀ o, òkè ló ń gùn lọ tó ń wá ibi tí yóò gbà yọ. N ò bá símẹ́ńtì jà, ó dáa lára búlọ́ọ̀kù. Ṣùgbọ́n amọ̀ máa ń wú tó bá mumi, ó máa ń sún kì tó bá gbẹ, símẹ́ńtì tó ti gan ò lè bá a jó ijó yẹn.

Ọjọ́ mẹ́rin ni àwọn òṣìṣẹ́ méjì fi ha símẹ́ńtì kúrò, òòlù ń dún létí wa láti àárọ̀ títí dalẹ́. Ibi tí kò lẹ̀ já wọ́ọ́rọ́wọ́, ibi tó lẹ̀ gbé ara ògiri lọ. Ọkọ mi ní èmi ni mo pe bíríkìlà. Mo ní òun ló ya fọ́tò. Ó tó ọjọ́ méjì ká tó tún bá ara wa sọ̀rọ̀ tó kọjá "bá mi mú ṣọ́bìrì."

A gbẹ́ ilẹ̀ ìta wálẹ̀ kó lè rẹlẹ̀ ju ti inú ilé, díẹ̀díẹ̀ ni o, a ò ṣí ìdí ògiri sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, a ò sì gbẹ́ kọjá ìpìlẹ̀. A da òkúta wẹ́wẹ́ síbẹ̀, a fi gọ́tà gba ọ̀sọ̀rọ̀ lọ sọ́nà jíjìn. Ìyẹn ò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ.

Ìdúró ló kù, ìdúró ló sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Àwọn tó mọ̀ nípa ògiri àtijọ́ máa ń ṣírò oṣù kan fún ìnṣì kan kí ó tó gbẹ. Ìnṣì 18! Lóòótọ́ tojú tẹ̀yìn ló ń gbẹ, kì í sì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló rin, síbẹ̀ oṣù mẹ́ta lọ, kò sí ohun tó yí padà. Àràárọ̀ ni mò ń fọwọ́ kan ògiri bí ẹni ń yẹ ara ọmọ tó ní ibà wò. Ó tutù, ó rin. A fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ gbá nǹkan funfun bí iyọ̀ yẹn kúrò, ó tún hù. Gbogbo iṣẹ́ ilé dúró, torí a ò lè kó kúrò nínú yàrá yẹn sí òmíràn tí kò tíì parí.

Ní oṣù kẹrin, inú bí mi, mo gé ọ̀rá kan, mo fi téèpù lẹ etí rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́ ògiri, mo fi sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì. Bí omi bá wà lẹ́yìn ọ̀rá, inú ògiri ló ti ń wá. Bó bá wà níwájú, inú yàrá ni. Omi wà lẹ́yìn díẹ̀. Iwájú ló wà ṣùrùṣùrù.

Àwa ni! Èémí wa, ooru ìkòkò, aṣọ tútù tí a ń sá sí orí okùn lẹ́bàá ibùsùn, fèrèsé tí a tì pa nítorí eruku yàrá kejì: àwa fúnra wa là ń fún ògiri lómi mu. Ojú tì mí débi pé mo kọ́kọ́ fẹ́ ya ọ̀rá yẹn kúrò kí ọkọ mi tó rí i. A kó ìdáná jáde sábẹ́ tapólì, a kó aṣọ jáde, a ṣí fèrèsé, kí eruku máa wọlé bó bá fẹ́. Lẹ́yìn oṣù méjì, àwọ̀ ògiri ti ń mọ́ láti òkè wá sílẹ̀.

Amọ̀ la fi rẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kejì. Mo bu erùpẹ̀ sínú ìgò ẹlẹ́nu gbẹ̀rẹ̀, mo bomi sí i, mo gbọ̀n ọ́n, mo gbé e kalẹ̀. Yanrìn rẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀, amọ̀ gangan ló pẹ́ jù, ìpele rẹ̀ ló sì nípọn jù. Bí mo ṣe mọ̀ pé amọ̀ rẹ̀ pọ̀ jù nìyẹn. Mo po oríṣi márùn-ún, mo lẹ̀ wọ́n mọ́ kọ̀rọ̀ kan kí wọ́n gbẹ. Èyí tí amọ̀ pọ̀ nínú rẹ̀ sán yánnayànna, èyí tí yanrìn pọ̀ nínú rẹ̀ ń tẹ̀ lé ọwọ́. Ẹ̀kẹrin ló dúró, koríko gbígbẹ tí a gé wẹ́wẹ́ wà nínú rẹ̀. A sanwó fún àwọn tó bá wa po ó tí wọ́n rẹ́ ìpele àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ìpele kejì, tèmi ni. Ẹ wá fọwọ́ pa á wò.

Bí mo bá tún ra ilé àtijọ́ (ọkọ mi ní kí n má dá a láṣà), n ò ní fọwọ́ kan ògiri títí òjò odidi àkókò kan yóò fi rọ̀ lójú mi. Màá gbé agboòrùn, màá yí ilé po nínú òjò, màá wo ibi tí omi ń lọ. Bíríkìlà tí kò bá bi mí léèrè ohun tí wọ́n fi mọ ògiri kó tó dá owó lé mi, àlááfíà ni kó bá lọ. Mo sì máa wá ibi ìdáná síta láti ọjọ́ kìn-ín-ní.

Àpò símẹ́ńtì méjì ló ṣẹ́kù nínú ti àkọ́kọ́. Ìdí ògiri yẹn náà la tò wọ́n sí, ọ̀rinrin wọ inú wọn, wọ́n di òkúta pẹ̀lú àpò lára. Ọ̀kan wà lẹ́nu ọ̀nà báyìí. Orí rẹ̀ ni ọkọ mi máa ń jókòó sí láti bọ́ bàtà ẹlẹ́rẹ̀.