Bí Mo Ṣe Fi Àgúnmánìyẹ́ Dá Ọ̀gbàrá Dúró Lóko Orí Òkè

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni mo kọ́kọ́ yanjú. Lára òkè lẹ́bàá Ẹ̀fọ̀n Aláayè ni oko mi wà, ìṣákọ́lẹ̀ ni mo sì ń san níbẹ̀. Nílẹ̀ wa, ẹni tó bá gbin igi tó ń pẹ́ láyé sórí ilẹ̀ onílẹ̀, ó fẹ́ di onílẹ̀ nìyẹn. Nígbà tí mo sọ fún bàbá tó fún mi nílẹ̀ pé mo fẹ́ gbin igi, wọ́n wò mí títí.

“Ṣé kòkó lo fẹ́ gbìn ni?”

“Rárá o, Bàbá. Àgúnmánìyẹ́ ni, kó lè máa dá ọ̀gbàrá dúró. Ẹ̀yin náà á máa rí ewé gé fún ewúrẹ́ yín.”

Wọ́n ní kí n máa bá iṣẹ́ lọ, ṣùgbọ́n kòkó àti obì kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀.

Òkúta ló pọ̀ lórí òkè yẹn, ilẹ̀dú tó bò ó kò nípọn. Òjò ńlá kan péré lórí ebè tuntun, ọ̀gbàrá á gba poro kọjá, á sì wọ́ ilẹ̀ tó lọ́ràá lọ sí ìsàlẹ̀. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ á pa irú oko bẹ́ẹ̀ tì, wọ́n á lọ ṣán igbó mìíràn. Ọgbọ́n tí mo lò ti wà nílẹ̀ tipẹ́: ní ìparí àwọn ọdún 1970 ni IITA, iléeṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn tó wà ní Ìbàdàn, ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbin igi ní ìlà ìlà, tí wọ́n ń gbin àgbàdo sáàárín rẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ orí òkè ní Mindanao, lórílẹ̀-èdè Philippines, náà ń ṣe é.

Ìlà náà gbọ́dọ̀ dábùú òkè, kó sì dọ́gba, ojú lásán kò sì ṣeé fọkàn tán níbi tí ilẹ̀ bá ti dà gẹ̀rẹ́. Mo wá ṣe ohun ìwọ̀n kan tó rí bíi lẹ́tà A: mo so ọ̀pá méjì tó gùn tó mítà méjì pọ̀ lórí, mo la ẹsẹ̀ wọn, mo fi ọ̀pá kẹta dábùú wọn láàárín. Mo fi okùn so òkúta kan kọ́ láti orí, kó máa fì kọjá ọ̀pá ìdábùú. Mo gbé e lé èèkàn méjì, mo fi èédú sàmì sára ọ̀pá ìdábùú níbi tí okùn dúró sí. Mo wá yí i padà, kí ẹsẹ̀ ọ̀tún bọ́ sípò tòsì, mo tún sàmì. Àárín àmì méjèèjì gan-an ni okùn gbọ́dọ̀ máa wà bí ilẹ̀ bá dọ́gba. Láti etí oko ni mo ti bẹ̀rẹ̀: ẹsẹ̀ kan á dúró, n ó máa sún ìkejì sókè sódò títí okùn á fi bọ́ sójú àmì náà, n ó kan èèkàn, n ó tún tẹ̀ síwájú. Ìlà tó jáde wọ́ kọrọkọrọ, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Níbi tí òkè ti ga gan-an, mo mú àwọn ìlà súnmọ́ ara wọn.

Nígbà tí òjò fìdí múlẹ̀, mo gé ẹ̀ka àgúnmánìyẹ́ tó ti gbó láti ara ọgbà àwọn aládùúgbò. Mo dá ìdí rẹ̀ ní ìdábèérè, mo sì rì í mọ́lẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Òkúta àti èpò tí mo ń ṣa lóko, ìdí ìlà yìí ni mo ń kó wọn jọ sí, ilẹ̀ sì ń ga díẹ̀díẹ̀ níbẹ̀. Iṣu àti àgbàdo wà láàárín, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wà lókè ìlà níbi tí ilẹ̀dú ń dúró sí.

Gígé àgúnmánìyẹ́ ni wàhálà, n kò ní purọ́ fún yín. Bó bá ti ń ṣíji bo àgbàdo, mo máa ń bẹ́ ẹ dé ìwọ̀n orúnkún, mo sì ń tẹ́ ewé rẹ̀ sórí ebè. Kì í pẹ́ jẹrà. Ẹni tí kò bá lè rí àkókò fún iṣẹ́ yìí, kó má wulẹ̀ dáwọ́ lé e.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, mo máa ń jẹ́ kó hù bó ṣe fẹ́, torí ibòji rẹ̀ kì í jẹ́ kí èpò ráyè. Kí òjò tó padà, mo máa ń gé àwọn tó gùn ṣe ọ̀pá iṣu. Mo máa ń kọ́kọ́ sá wọn sóòrùn kí wọ́n gbẹ dáadáa, torí èyí tó bá tutù á ta gbòǹgbò lórí ebè.