Bí A Ṣe Ń Wo Ìmọ́lẹ̀ Nínú Àwòrán Ìgbà Òtútù

Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí La Pie, àwòrán tí Claude Monet, ayàwòrán ará Faransé, yà nítòsí Étretat ní Normandy, ní ilẹ̀ Faransé, ní ìgbà òtútù 1868 sí 1869, lè rò pé funfun lásán ló kún inú rẹ̀, nítorí pé yìnyín bo ilẹ̀, ó bo orí ọgbà, ó bo òrùlé, ó sì bo ẹ̀ka igi. Ẹ má ṣe ti ibi funfun yẹn bẹ̀rẹ̀. Òjìji ni kí ẹ kọ́kọ́ wá.

Òjìji ọgbà náà nà sílẹ̀ lórí yìnyín, ó sì kọjú sí ẹni tó ń wò ó. Bí òjìji bá ń bọ̀ wá sọ́dọ̀ wa, a jẹ́ pé ẹ̀yìn ohun tí à ń wò ni oòrùn wà. Monet kò ya oòrùn rárá, síbẹ̀ a mọ ibi tó wà.

Lẹ́yìn èyí, ẹ yẹ àwọ̀ òjìji náà wò dáadáa. Kò dúdú, kò sì rí bí eérú: aró tó pọ́n dé ìwọ̀n àyìnrín ni, tí àwọ̀ àlùkò díẹ̀ sì fara hàn nínú rẹ̀. Ayàwòrán náà kò ṣe àṣejù. Ibi tí ìtànṣán oòrùn kò dé ṣì ń gba ìmọ́lẹ̀ láti ojú sánmà, yìnyín tó funfun yìí ló sì ń dá àwọ̀ ojú sánmà náà padà sí wa lójú. Ní 1869, àwọn adájọ́ Salon, ìpàtẹ àwòrán ńlá ní Paris, kọ̀ láti gba àwòrán náà. Lónìí, inú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Musée d'Orsay ní ìlú kan náà ló wà.

Bí ojú yín kò bá tètè rí ìyàtọ̀ yìí, ẹ dá ihò kékeré sí àárín páálí, kí ẹ gbé e lé àwòrán tí wọ́n tẹ̀ sínú ìwé, kí ẹ sì máa sún un díẹ̀díẹ̀ láti ibi tí oòrùn bà dé inú òjìji. Ẹ ó rí i pé ohun tí ẹ pè ní funfun kan ṣoṣo pín sí oríṣiríṣi: òmíràn pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, òmíràn sì fẹ́ di aró.

Ó wá ku ẹyẹ tí a fi orúkọ rẹ̀ pe àwòrán náà, ìbátan kannakánná tiwa, tí òun náà ní dúdú àti funfun lára. Ó dá bà sórí ẹnu ọ̀nà onígi. Àwòrán náà fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 130, ó sì ga tó 89, nítorí náà lójú fóònù, ẹyẹ yìí lè dà bí eṣinṣin. Ẹ fi àtàǹpàkò bò ó. Oko ẹlẹ́wà ló kù, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó ń gbọ́ ìdákẹ́rọ́rọ́ inú rẹ̀. Ẹ wá mú àtàǹpàkò kúrò, kí ẹ sì kíyè sí bí kẹ́kẹ́ ṣe pa.