Àwọn Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Lórí Ọ̀rọ̀ Ẹ̀sìn Nínú Civilization VI

Nínú Civilization VI, géèmù tí ilé-iṣẹ́ Firaxis ṣe, tó jáde ní ọdún 2016, níbi tí olùkópa kọ̀ọ̀kan ti ń darí orílẹ̀-èdè kan, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń pàdánù lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn nítorí pé wọ́n ka ìgbàgbọ́ àti ẹ̀sìn sí ohun kan náà. Ìgbàgbọ́ (Faith) ni ohun tí à ń kó jọ ní ìyípo kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ìgbà kọ̀ọ̀kan tó bá kàn wá láti ṣeré, tí a sì ń ná gẹ́gẹ́ bí owó. Ẹ̀sìn ní tirẹ̀ dúró lórí iye ará ìlú tó ń tẹ̀ lé e nínú ìlú kọ̀ọ̀kan. Ènìyàn lè ní ìgbàgbọ́ rẹpẹtẹ nípamọ́, kí gbogbo ìlú rẹ̀ sì ti máa sin ẹ̀sìn tí aládùúgbò rẹ̀ dá sílẹ̀. Nítorí náà, ẹ má ṣe fi ohun tó wà nínú àpò yín díwọ̀n agbára ẹ̀sìn yín. Àwòrán ilẹ̀ tó ń fi ẹ̀sìn ìlú kọ̀ọ̀kan hàn ni kí ẹ máa ṣí wò lóòrèkóòrè.

Ẹ má sì ṣe pẹ́ kí ẹ tó pinnu bóyá ẹ fẹ́ dá ẹ̀sìn sílẹ̀. Lórí àwòrán ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Standard, níbi tí orílẹ̀-èdè 8 ti ń bára wọn díje, ẹ̀sìn 5 péré ló lè jáde; nígbà tí Great Prophet (wòlíì ńlá tó ń dá ẹ̀sìn sílẹ̀) karùn-ún bá ti lọ, kò sí Holy Site (àdúgbò ìjọsìn tí à ń kọ́ fún ìlú) tó lè mú ẹ̀sìn tiyín wá mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ tètè ṣe ìwádìí Astrology, ìmọ̀ tó ń jẹ́ kí a lè kọ́ Holy Site, kí ó kọ́ Holy Site sí ẹ̀gbẹ́ àwọn òkè, nítorí òkè kọ̀ọ̀kan tó bá fara kan án ń fi ìgbàgbọ́ 1 kún un, kí ó sì kọ́ Shrine, ilé ìjọsìn kékeré tó ń wà nínú Holy Site, tẹ̀ lé e láìfi falẹ̀. Òótọ́ ni pé Stonehenge, ọ̀kan nínú àwọn ilé ìyanu tí ẹnì kan ṣoṣo lè kọ́ nínú eré, ń fúnni ní wòlíì lọ́fẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n èmi kì í gba òpè nímọ̀ràn láti gbẹ́kẹ̀ lé e, nítorí bí ẹlòmíràn bá kọ́kọ́ kọ́ ọ parí, ẹ kò ní rí wòlíì náà gbà mọ́.

Àṣìṣe tó ń dunni jù lọ lójú tèmi ni ríra míṣọ́nnárì láti ìlú tí kò tọ́. Ẹ̀sìn tó borí nínú ìlú tí ẹ ti rà á ni míṣọ́nnárì náà yóò máa wàásù, kì í ṣe ẹ̀sìn tí ẹ dá sílẹ̀. Bí Philip Kejì, olórí Spéènì nínú eré náà, bá ti rán àpọ́sítélì (oníwàásù tó lágbára ju míṣọ́nnárì lọ) wá yí ìlú yín kan padà láìjẹ́ pé ẹ fura, tí ẹ sì lọ ra míṣọ́nnárì níbẹ̀, ẹ ti fi ìgbàgbọ́ ara yín ra oníwàásù fún Spéènì nìyẹn. Iye tí à ń rà wọ́n sì ń lọ sókè bí a ṣe ń rà wọ́n sí i, tó bẹ́ẹ̀ tí èyí tí ẹ bá tún rà láti fi ṣàtúnṣe yóò wọ́n ju èyí tó ṣòfò lọ. Ohun tó burú jùyẹn ni pé, bí gbogbo ìlú yín tó ní Holy Site bá ti yí padà, kò ní sí ibi kankan tí ẹ ti lè ra oníwàásù ẹ̀sìn yín mọ́. Ẹ má ṣe dúró di ìgbà náà kí ẹ tó fi àpọ́sítélì kan bẹ̀rẹ̀ Inquisition, ìyẹn ìgbógunti ẹ̀sìn àjèjì nínú àwọn ìlú yín. Ìgbà tí ìlú mímọ́ yín, níbi tí ẹ ti dá ẹ̀sìn yín sílẹ̀, ṣì dúró ṣinṣin ni kí ẹ ṣe é, kí ẹ lè máa ra Inquisitor tí yóò fọ àwọn ìlú yòókù mọ́ kúrò nínú ẹ̀sìn àjèjì.

Ẹ má ṣe rán míṣọ́nnárì nìkan lọ sí ilẹ̀ tí àpọ́sítélì ẹlòmíràn ti pọ̀. Kò lè kọlu ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n wọ́n lè kọlu òun, bí ó bá sì ṣubú, ẹ̀sìn yín yóò lọ sílẹ̀ nínú gbogbo ìlú tó wà nítòsí ibẹ̀, tiwọn yóò sì gòkè. Oníwàásù tó ti fara gbọgbẹ́ kì í wàásù pẹ̀lú agbára rẹ̀ kíkún, nítorí náà ẹ mú un padà sí ẹ̀gbẹ́ Holy Site kó lọ gbàwòsàn. Ẹ má sì ṣe kéde ogun sí ẹni tí àwọn oníwàásù yín ṣì kún ilẹ̀ rẹ̀, nítorí pé ọmọ ogun rẹ̀ lè pa wọ́n run lójú ẹsẹ̀.

Àwọn mìíràn ń ṣòfò ní ìparí eré. Ìṣẹ́gun ẹ̀sìn kò béèrè ju pé kí ẹ̀sìn yín borí ní ohun tó ju ìdajì àwọn ìlú orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan lọ, síbẹ̀ wọ́n á máa yí ìlú tó kù fún orílẹ̀-èdè kan padà nígbà tí wọn kò tíì débi òmíràn rárá. Bí Kongo bá wà nínú eré yín, ẹ má ṣe fi í sẹ́yìn. Mvemba a Nzinga, ọba tí àwọn Potogí mọ̀ sí Afonso Kìíní, kò lè kọ́ Holy Site, kò sì lè dá ẹ̀sìn sílẹ̀. Ẹni tó bá gbé ẹ̀sìn tirẹ̀ wá fún un ni yóò fẹ́ràn, ẹni tó bá dá ẹ̀sìn sílẹ̀ tí kò gbé e débẹ̀ ni yóò sì bínú sí, nígbà tí ọ̀pọ̀ àwọn olórí yòókù máa ń ráhùn gan-an bí ẹ bá yí ìlú wọn padà.