Tọ́rọ̀ bá di ti ọlọ́pàá l'Ékòó: ibi tẹ́ ẹ máa kọ́kọ́ lọ, àti ibi tó kàn

Tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ sí èèyàn l'Ékòó, ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ sọ fún un ni pé "lọ fẹjọ́ sùn ní tẹ́ṣàn." Tẹ́ṣàn wo? Lọ́dọ̀ ta ni? Tí wọn ò bá dá a lóhùn ńbẹ̀ ńkọ́, ibo ló kàn? Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti máa ń há fún ọ̀pọ̀ èèyàn, wọ́n á máa lọ wọ́n á máa bọ̀, owó ọkọ̀ ń jáde, ẹjọ́ ò sún.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ bí wọ́n ṣe tò wọ́n. Èkó ò ní ọlọ́pàá tiẹ̀ lọ́tọ̀ bí New York ṣe ní. Látìgbà tí ìjọba amúnisìn ti pa ọlọ́pàá Gúúsù àti ti Àríwá pọ̀ lọ́dún 1930, ọ̀gá kan náà ló wà lórí gbogbo wọn, òun ni wọ́n ń pè ní IGP, Abùjá ló sì wà báyìí. Ọ̀gá ti Èkó ni Kọmíṣọ́nnà, ìyẹn CP, ọ́fíìsì ẹ̀ wà ní GRA Ìkẹjà, abẹ́ IGP ló wà, kì í ṣe gómìnà ló gbé e síbẹ̀, ìdí nìyẹn tí mi ò fi ní gbà yín níyànjú pé kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ látọ́dọ̀ gómìnà.

Lábẹ́ CP, wọ́n pín Èkó sí Area Command, lẹ́tà ABD ni wọ́n fi ń pè wọ́n. Area A wà ní Lion Building ní Erékùṣù Èkó, Area D ní Muṣin, Area E ní Festac, Area F n'Íkẹjà, Area G l'Ógbà, Area H l'Ógùdù, àwọn yòókù náà sì wà. Lábẹ́ Area Command kọ̀ọ̀kan ni àwọn division wà, division yìí gan-an la máa ń pè ní tẹ́ṣàn, DPO sì ni ọ̀gá ibẹ̀. Ilé kékeré tẹ́ ẹ máa ń rí l'ádùúgbò tí ò ní DPO, police post nìyẹn, abẹ́ division kan lòun náà wà.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wá ṣe é bó ṣe yẹ.

Tó bá jẹ́ pé ó ṣì ń ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́, olè ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà àbí wọ́n ń na ẹnì kan lọ́wọ́, ẹ má wá DPO kankan, 112 tàbí 767 ni kẹ́ ẹ pè. Àwọn ọlọ́pàá RRS tẹ́ ẹ máa ń rí nínú mọ́tò lójú títì wà fún irú ìyẹn, iṣẹ́ tiwọn ni kí wọ́n tètè débẹ̀. Ẹ má pè wọ́n ní LASTMA o, LASTMA tó ń darí ọkọ̀ lójú títì kì í ṣe ọlọ́pàá, ìjọba ìpínlẹ̀ ló ni wọ́n.

Tó bá ti ṣẹlẹ̀ tán, division tó ni ibi tó ti ṣẹlẹ̀ ni kẹ́ ẹ lọ, kì í ṣe èyí tó sún mọ́ ilé yín. Ẹ lè máa gbé Ìkòròdú, ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ Ojúẹlẹ́gba ni wọ́n ti já fóònù yín gbà, apá Sùúrùlérè lẹjọ́ yẹn wà. Tẹ́ ẹ bá lọ Ìkòròdú, wọ́n á kàn ní kẹ́ ẹ padà síbi tó ti ṣẹlẹ̀ ni, ọjọ́ kan ti lọ nìyẹn.

Ibi káúńtà lẹ máa kọ́kọ́ dé. Ìwé ńlá kan wà níwájú ẹni tó jókòó síbẹ̀, gbogbo ohun tó bá wọlé lọ́jọ́ náà ni wọ́n ń kọ sínú ẹ̀ pẹ̀lú aago àti nọ́ńbà, ẹ dúró títí wọ́n á fi kọ tiyín, nítorí ẹjọ́ tí ò sí nínú ìwé yẹn, bí ìgbà tẹ́ ò tiẹ̀ wá ni. Ẹ rọra sọ̀rọ̀, kẹ́ ẹ kí wọn dáadáa, kẹ́ ẹ sì bi wọ́n ní nọ́ńbà tí wọ́n kọ fún ẹjọ́ yín kẹ́ ẹ kọ ọ́ sínú fóònù yín.

Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n á mú yín lọ sí ẹ̀ka ìwádìí, DCO ni ọ̀gá ibẹ̀, òun ló máa yan ẹni tó máa wádìí ọ̀rọ̀ yín, ẹni yẹn là ń pè ní IPO. Ẹ gba orúkọ ẹ̀, ipò ẹ̀ àti nọ́ńbà fóònù ẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ má sọ pé ẹ máa gbà á tẹ́ ẹ bá padà wá. Tí wọ́n bá fún yín ní sítétíméǹtì, ẹ fọwọ́ ara yín kọ ọ́ tẹ́ ẹ bá lè kọ, kí gbólóhùn tó gbẹ̀yìn àti ibi tẹ́ ẹ máa buwọ́ lù sún mọ́ra, kí àyè má ṣófo láàárín. Tó bá jẹ́ pé wọ́n bá yín kọ ọ́, ẹ ní kí wọ́n kà á sí yín létí kẹ́ ẹ tó buwọ́ lù ú. Mi ò kí ń fi èyí ṣeré rárá, torí sítétíméǹtì yẹn ni wọ́n máa gbé dé kóòtù.

Tó bá wá jẹ́ pé èèyàn yín ni wọ́n mú ńkọ́? Òfin ọlọ́pàá tọdún 2020 sọ ọ́ kedere pé wọn ò gbọdọ̀ mú èèyàn dípò ẹlòmíì, torí náà tí wọ́n bá ń wá ẹ̀gbọ́n, wọn ò lè ti àbúrò mọ́lé. Wọn ò sì gbọdọ̀ torí gbèsè lásán múuyàn. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè náà ní kí wọ́n gbé ẹni tí wọ́n bá mú dé kóòtù láàárín ọjọ́ kan tí kóòtù bá wà nítòsí, àbí ọjọ́ méjì tí kò bá sí nítòsí. Béèlì, ọ̀fẹ́ ni, ara ògiri tẹ́ṣàn gan-an ni wọ́n máa ń kọ ọ́ sí. Ìyàwó ilé tàbí ìyá lè dúró fún èèyàn, òfin ò ní kí ọkùnrin nìkan ṣe é.

Àwọn ẹjọ́ kan wà tó ju ti division lọ. Ìpànìyàn, jìbìtì ńlá àtàwọn tó jọ ọ́, SCID, ìyẹn ẹ̀ka ìwádìí ọ̀daràn ti gbogbo Èkó, ní Yábàá ni wọ́n máa ń gbé e lọ, ibẹ̀ la mọ̀ sí Pàǹtí. Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ọmọdé, ìfipábánilòpọ̀ tàbí kí ọkọ máa na ìyàwó, ẹ béèrè fún gender unit, kẹ́ ẹ sì tún kàn sí DSVA, àjọ tí ìjọba Èkó dá sílẹ̀ nítorí ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ní "ẹ lọ parí ẹ̀ nílé" fún obìnrin tójú ẹ̀ ti wú.

Tí ọ̀rọ̀ ò bá wá lọ mọ́, ẹ má dákẹ́, ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ a bá a dákẹ́. DPO lẹ máa kọ́kọ́ kọ̀wé sí, kò gbọdọ̀ ju ojú ewé kan lọ: ọjọ́ tẹ́ ẹ wá, nọ́ńbà tó wà nínú ìwé káúńtà, orúkọ IPO, ohun tó ṣẹlẹ̀, ohun tẹ́ ẹ fẹ́ kí wọ́n ṣe. Ẹ tẹ̀ ẹ́ ní méjì, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sára ọ̀kan, kẹ́ ẹ mú un padà sílé. Tí kò bá sí èsì, kópì tó ní òǹtẹ̀ yẹn lẹ máa mú lọ sọ́dọ̀ Area Commander, lẹ́yìn ẹ̀ CP n'Íkẹjà, lẹ́yìn ẹ̀ Zone 2 l'Óníkan, ìyẹn ọ́fíìsì ọlọ́pàá tó ga ju ti CP lọ, tó ń bójú tó Èkó àti Ògùn, kó tó wá kan Abùjá. Ẹ má fo ẹnì kankan, nítorí wọ́n á kàn dá ìwé náà padà sísàlẹ̀ ni. Tó bá jẹ́ ìwà ọlọ́pàá fúnra ẹ̀ lẹ̀sùn yín, bíi pé ó na èèyàn tàbí ó gbowó, ẹ kàn sí Complaint Response Unit tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 2015, àbí kẹ́ ẹ kọ̀wé sí Police Service Commission, àwọn lágbára láti bá ọlọ́pàá wí àti láti lé e kúrò níṣẹ́, ẹ má sì gbàgbé láti so kópì olóǹtẹ̀ yẹn mọ́ ọn.