Ẹsẹ̀ Òpó Ni Kí Ẹ Wò: Bí A Ṣe Ń Yan Ohun Ọ̀ṣọ́ àti Àtíbàbà fún Ọgbà Òdòdó Ilé

Ẹni tó bá ti kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tó ń ta ère síméńtì létí títì n'Ìbàdàn á mọ ohun tí mò ń sọ. Kìnnìún jókòó, idì na ìyẹ́, obìnrin kan ru ìkòkò, gbogbo wọn funfun báláú. Ẹ dúró, ẹ ná an, wọ́n bá yín gbé e sẹ́yìn ọkọ̀. Ìgbà tí ẹ bá délé ni kìnnìún tó dà bí ọmọ ológbò ní gbangba títì á wá dí ẹnu ọ̀nà ibi tí ẹ ń gbé ọkọ̀ sí. Ó kéré tán, mo ti bá èèyàn mẹ́rin gbé irú kìnnìún bẹ́ẹ̀ láti iwájú ilé lọ sẹ́yìn, láti ẹ̀yìn lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ táǹkì omi, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti ní rí i mọ́.

Torí náà, ẹ fi owó yín sápò ná.

Ẹ kọ́kọ́ fi páálí dán ibẹ̀ wò

Ẹ wá páálí tàbí dúrọ́ọ̀mù tó ga tó nǹkan tí ẹ fẹ́ rà. Ẹ gbé e síbi tó wù yín, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ méje. Ọjọ́ mẹ́ta ò tó. Ó yẹ kí òjò kan rọ̀ lé e lórí, kí ọkọ̀ wọlé kó jáde, kí àwọn ọmọ gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀, kí ẹnì kan sì sá aṣọ lọ́jọ́ Sátidé. Bí èèyàn bá kọ lu páálí náà lẹ́ẹ̀mejì, ẹ gbé e kúrò. Bí ẹ bá jókòó sí fàráńdà tí ẹ ò rí i, ẹ gbé e kúrò pẹ̀lú. Àbí ta lẹ fẹ́ ṣe ọ̀ṣọ́ fún?

Àwọn ibì kan wà tí páálí gan-an ò gbọ́dọ̀ dé. Ẹ má gbé nǹkan sábẹ́ wáyà iná. Ẹ má gbé e síbi tí omi òrùlé ti ń já bọ́, torí omi yẹn á gbẹ́ ihò sídìí rẹ̀ kí ọdún tó yí po. Ẹ má sì gbé e lé orí sọkawéè. Ọkùnrin kan ládùúgbò wa gbé erin síméńtì lé ìdérí sọkawéè rẹ̀, ó ní ibẹ̀ nìkan ló tẹ́jú nínú ọgbà. Ọdún kejì ni sọkawéè kún, tí ọkọ̀ tó ń fa ìdọ̀tí dé, tí wọn ò rí ìdérí ṣí. Ẹsẹ̀ erin ni wọ́n kọ́kọ́ fi òòlù fọ́.

Ní ti iye, lórí ilẹ̀ tó fẹ̀ ní 50 ẹsẹ̀ bàtà, tó gùn ní 100 ẹsẹ̀ bàtà, tí ilé ti gba èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀, nǹkan gíga kan ṣoṣo ni mo máa ń gbà fún èèyàn, pẹ̀lú ìkòkò òdòdó bíi méjì tó wà nílẹ̀. Bí idì bá wà, kí kìnnìún má sí. Ọgbà tí ẹranko ti pọ̀ ju ewéko lọ ti di ṣọ́ọ̀bù.

Ohun tí a fi ṣe é

Bó bá jẹ́ síméńtì, ẹ mú kọ́kọ́rọ́ dání lọ. Ẹ fi ha abẹ́ rẹ̀, níbi tí wọn ò kùn. Bí lẹ́búlẹ́bú bá ń dà, yanrìn ló pọ̀ níbẹ̀. Ẹ máa bá tiyín lọ. Ẹ wo abẹ́ etí, abẹ́ ìyẹ́ àti ìka ọwọ́ bóyá wáyà ti yọ síta. Wáyà tó bá yọ síta á dógùn-ún, bó bá sì ti ń dógùn-ún ló ń wú, tó ń ti síméńtì ara rẹ̀ dànù. Ẹ béèrè ọjọ́ tí wọ́n rọ ọ́. Èyí tí wọ́n rọ láàárọ̀ àná ò tíì gbó, orí kòtò àkọ́kọ́ lójú ọ̀nà ni ọrùn rẹ̀ máa dá sí.

Àwọ̀ funfun tó ń wù yín yẹn, mi ò fara mọ́ ọn. Ilẹ̀ wa pupa, òjò sì máa ń ta ẹrẹ̀ gòkè tó ẹsẹ̀ bàtà kan. Bó bá máa di oṣù kẹsàn-án, ìsàlẹ̀ ère á ti pọ́n, òkè rẹ̀ á ti hu èéhù dúdú. Àwọ̀ ilẹ̀ tàbí eérú ni kí ẹ kùn ún, tàbí kí ẹ fi í sílẹ̀ bí síméńtì ṣe rí. Ẹni tó bá fi dandan lé funfun, kó gbé e lé búlọ́ọ̀kù méjì, kó sì da òkúta wẹ́wẹ́ yí ìdí rẹ̀ ká kí ẹrẹ̀ má ráyè ta.

Ẹ má rò pé ẹni tó kàwé iṣẹ́ ọnà nìkan ló lè ṣe é fún yín. Bírikilà ni Adébísí Àkànjí kó tó di ẹni tí iṣẹ́ ọnà síméńtì rẹ̀ wà nínú Igbó Ọ̀ṣun l'Óṣogbo, níbi tí òun àti Àdùnní Olórìṣà, ìyẹn Susanne Wenger, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ti ṣiṣẹ́. Ọdún 2005 ni UNESCO fi igbó náà kún ogún àgbáyé. Bí bírikilà tó ń bá yín ṣiṣẹ́ bá lọ́wọ́, ẹ fún un ní àpò síméńtì kan, kó ṣe ògiri oníhò kékeré kan fún yín wò. Ó lè má wọ́n tó kìnnìún etí títì, kò sì ní sí méjì rẹ̀ ládùúgbò.

Igi gbígbẹ́ ńkọ́? Abẹ́ òrùlé ni tirẹ̀. Àwọn òpó tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́ fún ààfin Ìkéré láàárín ọdún 1910 sí 1914, fàráńdà ni wọ́n fi wọ́n sí, òjò ò pa wọ́n. Ẹ fi tiyín sí fàráńdà bákan náà. Ère fáíbà fúyẹ́ jù. Ẹ rọ yanrìn sínú rẹ̀ kí ìjì má gbé e fún aládùúgbò. Ìkòkò amọ̀ tí àwọn ìyá ń mọ lèmi fẹ́ràn jù, kódà èyí tó ti sán. Ẹ dojú apá tó sán kọ ògiri.

Ọ̀rọ̀ kan tó kù lórí ère: bí ìyá ìyàwó tàbí ìyá ọkọ yín bá jẹ́ ẹni tó ń dìde gbàdúrà ní aago méjì òru, ẹ fi ère èèyàn sílẹ̀. Wọ́n á ní òrìṣà lẹ gbé kalẹ̀, ẹ ò sì ní lè ṣàlàyé tán. Ẹ ra ìkòkò.

Àtíbàbà: ibi tí iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ rèé

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra ka ibí yìí. Òpó mẹ́rin, igi pẹlẹbẹ lórí, kí òdòdó fà gun ún, kí ẹ gbé àga sábẹ́ rẹ̀ nírọ̀lẹ́: kò sí ohun tó dùn tó o nínú ọgbà, kò sì sí èyí tí mo rí tó wó tó o. Ẹni tí tirẹ̀ wó á ní ìjì ni. Kì í ṣe ìjì. Ẹsẹ̀ òpó ti kú tipẹ́ kí ìjì tó dé.

Ohun tí káfíńtà máa ń ṣe ni pé á gbẹ́ ihò, á ki igi bọ̀ ọ́, á ní kí wọ́n da kọnkéré sí i, á wá fọwọ́ gbá a pé, "Ó di ogún ọdún, ọ̀gá!" Ẹ má gbà. Igi máa ń wú nígbà òjò, á sún kì nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bó bá ti sún kì, àlàfo tín-ín-rín á ṣí láàárín òun àti kọnkéré. Òjò tó bá tẹ̀ lé e á gba ibẹ̀ wọlé, kò sì ní rí ọ̀nà jáde. Kọnkéré tí ẹ rò pé ó ń dáàbò bo igi ti di ife omi tí igi ti ẹsẹ̀ bọ̀. Ojú ilẹ̀ gan-an, níbi tí omi àti afẹ́fẹ́ ti pàdé, ni ìjẹrà ti ń bẹ̀rẹ̀. Òkè á ṣì máa dán, ẹ á máa kùn ún lọ́dọọdún. Ìsàlẹ̀ á ti rọ̀ bí búrẹ́dì inú tíì.

Ọ̀rọ̀ ikán tún wà níbẹ̀. Nínú àlàfo yẹn náà ni wọ́n ń gbà gòkè, ẹnikẹ́ni ò sì ní rí wọn. Wọ́n á ní, "Ìrókò ni, ikán kì í jẹ ìrókò." Inú ìrókò, bẹ́ẹ̀ ni. Apá funfun tó wà lẹ́bàá èèpo rẹ̀ ńkọ́? Ikán ń jẹ ẹ́ bí ẹni ń jẹ ẹ̀bà. Ẹ wo ojú igi kí ẹ tó sanwó ní ọjà pákó. Bí ìdajì rẹ̀ bá funfun, ìdajì òpó lẹ rà.

Àwọn mìíràn á ní kí ẹ fi ọ́ìlì mọ́tò tí wọ́n ti lò kùn ún. Mo mọ̀ pé kò wọ́n. Àmọ́ ojú igi nìkan ló ń gbé, òjò á fọ̀ ọ́ sínú ilẹ̀ níbi tí gbòǹgbò òdòdó yín wà, ìyókù á sì lẹ̀ mọ́ aṣọ àlejò. Èmi ò lò ó níbi tí ewéko bá máa gùn.

Bí a ṣe ń ṣe é nìyí. Ẹ lọ bá wẹ́dà, kó gé irin mẹ́rin fún yín, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ẹsẹ̀ bàtà méjì, kó sì jó àwo sí orí wọn tó máa di igi mú lọ́tùn-ún lósì bí àtẹ́lẹwọ́ méjì. Àjẹkù irin tó wà nílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tó. Páìpù omi onírin àtijọ́ náà ṣeé lò. Ẹ kùn ún ní ọ̀dà pupa tí àwọn wẹ́dà ń lò, kùn lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ gbẹ́ ihò tó jìn ní ẹsẹ̀ bàtà méjì, tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà kan, ẹ da òkúta sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí ẹ wá po síméńtì kan, yanrìn méjì, gíráníìtì mẹ́rin. Ẹ ri irin sínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí orí kọnkéré yọ ju ilẹ̀ lọ díẹ̀, kó sì ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bí òrùlé, kí omi má bàa dúró.

Láàárín orí kọnkéré àti ìdí igi, kí ìka mẹ́ta dúró níbẹ̀ nínàró. Ìka mẹ́ta, ẹ jọ̀ọ́. Káfíńtà á fẹ́ kí igi sinmi lé kọnkéré, á ní àlàfo yẹn ò dáa lójú. Ẹ dúró tì í. Àlàfo yẹn ló ń jẹ́ kí ìdí igi gbẹ lẹ́yìn òjò. Ikán ṣì lè fẹ́ gùn ún, àmọ́ á ní láti fi ẹrẹ̀ mọ ọ̀nà sára irin ní gbangba, ẹ á sì rí i. Èmi máa ń fi àdá ha ti mi ní Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù.

Kí ẹ tó gbé igi dúró, ẹ ki ìdí rẹ̀ bọ agolo Solignum, ìyẹn oògùn tí wọ́n ń fi kun igi kí ikán má jẹ ẹ́, mọ́jú, torí ojú ibi tí wọ́n ti gé e ló ń mu omi jù. Bóòtù ni kí ẹ fi dè é mọ́ irin. Ìṣó á tú. Ẹ máa bu omi sí kọnkéré láràárọ̀ fún ọjọ́ méje, kí ẹ tó gbé ohunkóhun lé e. Gíga rẹ̀, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ ó kéré tán: òdòdó á máa so wálẹ̀, ìyá oníyàwó tó wé gèlè sì gbọ́dọ̀ kọjá lábẹ́ rẹ̀ láì bẹ̀rẹ̀. Ẹ má kan páànù sí i. Ìjì oṣù kẹta àti ìkẹrin á wọ abẹ́ rẹ̀, á sì gbé gbogbo rẹ̀ dìde.

Ẹni tí owó ò tó fún igi, kó lo ọparun, àmọ́ ẹsẹ̀ irin yẹn ò yí padà. Ẹ gé e nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ rì í sínú omi fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí adùn tí kòkòrò ń wá nínú rẹ̀ lè jáde, ẹ sì gé orí rẹ̀ ní ojú oríkèé, kó má di ilé ẹ̀fọn.

Ojú ọ̀nà àti omi

Ọ̀nà tó lọ sábẹ́ àtíbàbà, mi ò ra íńtálọ́ọ̀kù fún un. Ẹ kó àpáàdì àti táìsì tó fọ́ jọ. Ní Ilé-Ifẹ̀, àpáàdì ni wọ́n fi tẹ́ ilẹ̀ láyé àtijọ́. Ìtàn sọ pé Ọọ̀ni Lúwòó ló pàṣẹ ẹ̀, a sì ń rí i níbẹ̀ títí dòní. Ẹ wo bí wọ́n ṣe tò ó: ìnàró ni, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló wà lókè, ó fara ti ara wọn bí eegun ẹja. Àwọn tó ń tẹ́ ẹ pẹlẹbẹ ni tiwọn ń fọ́ tí wọ́n bá gùn ún. Ẹ fi síméńtì díẹ̀ há a mọ́ra.

Odò kékeré tàbí ìsun omi: bí ẹ ò bá ní iná tó dúró tí á máa yí omi rẹ̀, ẹ fi sílẹ̀. Omi tó bá dúró ju ọ̀sẹ̀ kan lọ ti ń tọ́ ẹ̀fọn. Ìkòkò tí ẹ ò gbin nǹkan sí, ẹ lu ihò sídìí rẹ̀.

Ẹ wá dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì kí òórùn Solignum lọ, kí ẹ tó gbin ohun tó máa gun àtíbàbà. Bougainvillea ń pẹ́ kó tó bò ó, ẹ̀gún rẹ̀ sì ń ya aṣọ, nítorí náà ìta òpó ni kí ẹ gbìn ín sí. Ní ọdún àkọ́kọ́ yẹn, ẹ fọ́n èso kànrìnkàn tí à ń fi wẹ̀ sídìí òpó kejì. Á bo orí rẹ̀ kí òjò tó tán, ẹ á sì rí kànrìnkàn já.