Ìbéèrè Tí Ẹ Máa Gbé Lọ Bá Oníṣẹ́ Abẹ Ọpọlọ Nítorí Àrùn Parkinson

Bí dókítà bá ti sọ pé iṣẹ́ abẹ ọpọlọ lè ran Bàbá tàbí Ìyá yín tó ní àrùn Parkinson (àrùn tó ń mú kí ọwọ́ máa gbọ̀n, kí ara sì gan) lọ́wọ́, ilé ni kí ẹ ti kọ ìbéèrè yín sínú ìwé. Bí ẹ bá dé iwájú oníṣẹ́ abẹ, ẹ̀rù á mú ìdajì rẹ̀ kúrò lórí yín. Ẹni tó máa tọ́jú aláìsàn lójoojúmọ́ ni kó bá a lọ, kó má jẹ́ ẹni tó máa san owó nìkan.

Ohun tí wọ́n sábà máa ń ṣe nìyí; deep brain stimulation (DBS) ni wọ́n ń pè é. Wọ́n á lu ihò kékeré sí agbárí, wọ́n á ti wáyà tín-ín-rín wọ inú ọpọlọ lọ́hùn-ún. Wáyà náà á gba abẹ́ awọ ọrùn lọ bá ẹ̀rọ kékeré oníbátìrì tí wọ́n sin sókè àyà, èyí tí á máa fi iná díẹ̀díẹ̀ ránṣẹ́ sí ọpọlọ. Alim-Louis Benabid àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Grenoble, ní ilẹ̀ Faransé, ló bẹ̀rẹ̀ irú rẹ̀ tòde òní ní 1987; Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i fún àrùn Parkinson ní 2002. Kì í wo àrùn náà sàn, kì í sì í dá a dúró. Ó ń mú kí ara rọ ni.

Èyí tó ṣe kókó jù

Ẹ bi oníṣẹ́ abẹ pé: “Nínú gbogbo ohun tó ń yọ wá lẹ́nu, èwo ni iṣẹ́ abẹ yìí kò ní lè ṣe nǹkan kan sí?” Mo fi èyí ṣíwájú nítorí ibẹ̀ ni ìrètí ọ̀pọ̀ ìdílé ti ń já. Ohun tí levodopa, oògùn tí wọ́n sábà máa ń lò fún Parkinson, bá lè tú sílẹ̀ ní wákàtí tó bá ṣiṣẹ́ dáadáa jù ni wáyà náà sábà máa ń lè tú. Gbígbọ̀n ọwọ́ nìkan ló yàtọ̀, torí ó lè dáwọ́ dúró kódà bí oògùn kò bá ràn án. Ṣùgbọ́n bí Bàbá bá ń ṣubú nígbà tí oògùn wà lára rẹ̀ dáadáa, tàbí tó ń gbàgbé nǹkan, iṣẹ́ abẹ kì í sábà tún ìyẹn ṣe. Ọ̀rọ̀ ẹnu tiẹ̀ lè wúwo sí i.

Nítorí náà, ẹ fi ọ̀sẹ̀ kan kọ ọ́ sílẹ̀: aago tó lo oògùn, ìgbà tí ara rọ̀, ìgbà tó tún gan, ìgbà tí ara ń lọ́ fúnra rẹ̀. “Ó di àdá mú ní aago mẹ́sàn-án, nígbà tó di méjìlá, kò lè de bọ́tìnì.” Irú èyí yé dókítà ju “ara rẹ̀ kò yá” lọ. Ẹ fi fóònù ya fídíò ìgbà méjèèjì.

Nípa iṣẹ́ abẹ fúnra rẹ̀

Ẹ béèrè iye tí òun fúnra rẹ̀ ti ṣe, àti iye àwọn tí ẹ̀jẹ̀ dà sí ọpọlọ wọn tàbí tí ojú ọgbẹ́ wọn kẹ̀. Kì í ṣe àrífín. Bó bá ní ọwọ́ Ọlọ́run ló wà, ẹ ṣe àmín, kí ẹ sì tún béèrè iye náà. Ṣé aláìsàn á lajú sílẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń ṣe é? Ibi púpọ̀ máa ń fẹ́ bẹ́ẹ̀, kí wọ́n lè rí i bí ọwọ́ ṣe ń dáwọ́ gbígbọ̀n dúró. Wọ́n sì lè ní kó má lo oògùn láti alẹ́ àná.

Lẹ́yìn tí ẹ bá padà sílé

Bátìrì kan wà tí kì í gba iná. Ó máa ń tó ọdún 3 sí 5, lẹ́yìn náà wọ́n á tún la ibẹ̀ láti pààrọ̀ rẹ̀. Èyí tó ń gba iná lè lò tó ọdún 15. Níbi tí iná NẸ́PÀ ti lè lọ fún ọjọ́ mẹ́ta, ẹ béèrè iye ọjọ́ tó lè fi dúró láìgba iná, àti bóyá sólà tàbí jẹnẹrétọ̀ lè ṣe é. Bí bátìrì bá kú lójijì, ara lè gan padà kíákíá. Ta ni kí ẹ pè?

Títún ẹ̀rọ náà ṣe kí ó bá ara mu máa ń gba oṣù púpọ̀. Ẹ ka owó ọkọ̀ mọ́ owó iṣẹ́ abẹ. Bó bá jẹ́ Íńdíà tàbí Ìlú Ọba lẹ ti fẹ́ ṣe é, ta ni á máa tún un ṣe nílé níbí?

Ẹ béèrè ọ̀rọ̀ oko pẹ̀lú: ìgbà wo ló lè ro oko, ṣé ó tún lè ru ẹrù lórí tàbí gun ọ̀pẹ, báwo ni gèlè, fìlà àti fíforí kanlẹ̀ nígbà ìrun ṣe máa rí, àti bóyá ó lè sún mọ́ ẹ̀rọ àwọn ajórin. Ẹ sọ fún ilé ìwòsàn èyíkéyìí pé ẹ̀rọ wà lára rẹ̀ kí wọ́n tó ya MRI, àwòrán inú ara tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ mágnẹ́ẹ̀tì yà. Ẹ̀rọ diathermy, tó ń gbé ooru wọ inú iṣan, kò gbọ́dọ̀ kàn án rárá. Ó lè pa á.

Ẹ gba ìpàdé náà sí wákàtí tí oògùn rẹ̀ máa ń ṣiṣẹ́ jù, kí òun fúnra rẹ̀ lè kọ́kọ́ béèrè. Bí ohùn rẹ̀ bá lọ sílẹ̀ tàbí tó ń pẹ́ kó tó jáde, ẹ dúró dè é. Ẹ má gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀.