Orí Ọrùn Ni Kí Ẹ Ti Wọ̀n Ọ́n: Ìtọ́sọ́nà fún Kíláàsì Ukulele

A kọ ìwé yìí nítorí àwọn ukulele, gìtá kékeré olókùn mẹ́rin, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi igi ṣe ní kíláàsì tó kọjá. Wọ́n ń dán, ṣùgbọ́n ohùn wọn kò bára mu. Ẹ ti mọ ayùn lò, ẹ sì mọ bí a ti ń fi gúlúù lẹ igi, a kò ní tún ìyẹn sọ. Ìwọ̀n ló ń bà á jẹ́.

Ohun tí a ń rí nìyí: akẹ́kọ̀ọ́ á wọn ibi fírẹ́ẹ̀tì kìíní (irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú ọrùn, tí ìka ń tẹ okùn mọ́), á sún rúlà wá síbẹ̀, á ti ibẹ̀ wọn ìkejì, á tún sún un. Bó bá fi díẹ̀ ṣì í níhìn-ín, tó tún fi díẹ̀ ṣì í lọ́hùn-ún, kó tó dé ìkejìlá, ó ti bọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé "kò ní hàn", ojú lè má rí i, etí á gbọ́.

Ibi tí egungun òkè, èyí tó gbé okùn ró lórí ọrùn, parí sí ni kí ẹ fi òdo rúlà irin sí. Ẹ fi kíláǹpù dè é mọ́lẹ̀, kí ẹ má sì tú u títí ẹ ó fi sàmì méjèèjìlá. Ọ̀bẹ ni kí ẹ fi sàmì, pẹ́ńsùlù ti nípọn jù. Fún okùn tó gùn ní mìlímítà 350, ibi tí àmì kọ̀ọ̀kan yóò wà láti òdo nìyí, ní mìlímítà:

19.6, 38.2, 55.7, 72.2, 87.8, 102.5, 116.4, 129.5, 141.9, 153.6, 164.6, 175.

Ìkejìlá gbọ́dọ̀ jẹ́ ìdajì gééré. Bó bá jẹ́ 174, ẹ fá gbogbo rẹ̀ kúrò, kí ẹ tún un ṣe. Ẹ má bẹ̀bẹ̀ fún un.

Ní ti bí igi ṣe nípọn tó: ojú àpótí, mìlímítà 2, ẹ̀gbẹ́, 1.8. Ó tán.

Afárá okùn, igi tó di okùn mú lójú àpótí, wá ńkọ́? Àwọn kan ń lẹ̀ ẹ́ síbi tó bá wu ojú wọn, àwọn kan ń wọ̀n ọ́n láti etí àpótí. Egungun òkè kan náà ni kí ẹ ti wọ̀n ọ́n: egungun ìsàlẹ̀, tó wà lórí afárá, yóò wà ní 352. Méjì tó lé yẹn wà nítorí pé bí ìka bá tẹ okùn, okùn á le sí i, ohùn á sì ga díẹ̀. Egungun ni mo wí o, kì í ṣe etí afárá. Ẹ ha fáníìṣì ibẹ̀ kúrò kí ẹ tó fi gúlúù sí i, kí ẹ sì jẹ́ kó gbẹ fún wákàtí 24 kí okùn tó gun orí rẹ̀. Ẹ̀yin òbí tó wá mú ọmọ, ẹ yé sọ pé kó ṣe kíá.

Okùn ọ̀rá tuntun á máa dẹ̀ fún ọjọ́ bíi mélòó kan. Ẹ máa fà á, ẹ má tìtorí ẹ̀ ṣí afárá. Bó bá dúró tán, ẹ ta okùn lásán, kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ ní fírẹ́ẹ̀tì 12, kí ẹ tún un ta. Ohùn kan náà ni, ìkejì kàn ga ní ọ̀kítéèfù kan gbáko, bíi láti dò dé dò òkè. Bó bá ga jù bẹ́ẹ̀ lọ, egungun ìsàlẹ̀ ti sún mọ́ ọrùn jù. Bí kò bá ga tó, ó ti jìnnà jù.